Ọjà Kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà: Ibi tí a ti ń bi Ẹ̀rọ Léèrè Òótọ́

Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ Ìkẹjà, tí kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ òpópónà Otigba rí, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Níbẹ̀ ni ọjà tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village wà, èyí tí èmi ó máa pè ní Ọjà Kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ mi yìí. Ilé gbígbé ni àdúgbò náà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba yàrá iwájú lọ́wọ́ àwọn onílé. Nígbà tí ó wá di àwọn ọdún 1990, tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú, yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù di ilé alájà, ọjà sì tàn dé òpópónà Ọlá Ayẹ̀ní, Pepple àti àwọn mìíràn tí ó yí wọn ká. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ pé àwọn yóò kó ọjà náà lọ sí Katangowa. Nígbà tí mo lọ, ó ṣì wà níbi tí ó wà.

Kí a tó wọ inú ọjà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú náà ṣe ìpápánu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kàwé, àwa olùkọ́ pàápàá kò gbẹ́yìn, ni ó ń sọ pé Ìkẹjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá rárá. Wọ́n ní àwọn òyìnbó amúnisìn ni ó ṣa lẹ́tà jọ láti inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó túmọ̀ sí àjùmọ̀ṣàkóso Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Irọ́ gbáà ni. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìkẹjà, àwọn àgbà wọn a sì máa so orúkọ náà pọ̀ mọ́ Àkẹjà, òrìṣà kan ní Ọ̀tà. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ wo àwòrán ilẹ̀ Èkó yóò bi ara rẹ̀ pé kí ló lè mú kí a fi Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sọ ìlú tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn lẹ́nu, ó kúrú, ó sì jọ ohun tí ọ̀mọ̀wé yóò sọ. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni irọ́ fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn, mo sì tún bá àwọn ìbátan rẹ̀ pàdé nínú ọjà lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ó gbé mi lọ ni owó tí kì í ṣe tèmi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní Abẹ́òkúta, àwọn òbí àti àwa olùkọ́ dá owó jọ fún odindi sáà mẹ́ta, kí a lè ra kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tí àwọn ọmọ yóò fi kọ́ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní coding. ₦540,000 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ìyá tí ó dá a, ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. ₦500 ₦500 ni wọ́n ń mú wá, tí a sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí olùkọ́ bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra òkú ẹ̀rọ bọ̀, kò sí àlàyé tí yóò ṣe tí yóò wọ ẹlẹ́kọ létí. Èmi ni wọ́n yàn, nítorí pé ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fi alẹ́ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè náà tí ń jẹ́ Python.

Rélùwéè ni mo wọ̀. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ tiwa. Mo sọ̀ ní Agége, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkẹjà. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹni tí ó rí i lánàá ti rí tòní.

Kí ẹsẹ̀ mi tó dúró dáadáa ni ọwọ́ mẹ́rin ti bà mí léjìká. “Ọ̀gá mi, fóònù ni àbí láptọ́ọ̀pù?” “Dádì, ẹ jẹ́ ká bá yín pààrọ̀ ojú fóònù yẹn, ó ti sán.” “Alàgbà, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní wà o!” Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, ṣùgbọ́n ní Ọjà Kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá ti wọ ṣòkòtò tí a lọ̀, tí ó sì gbé báágì kọ́ èjìká, alàgbà ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ṣọ́ọ̀bù. Alágbàtà ni wọ́n. Wọn yóò mú ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà, wọn yóò sì lé owó tiwọn lé e láìsọ fún ọ. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, gbohùngbohùn ń ké, ọlọ́kadà ń fọn fèrè láàrin èrò. Lábẹ́ agboòrùn ni àwọn tí ń tún fóònù ṣe jókòó sí ní ìlà, awò gbẹ̀ǹgbẹ̀ lójú wọn, tí wọ́n ń tú inú fóònù palẹ̀ bí ẹni tí ń ṣa egungun lára ẹja ṣàwá. Mo dúró pẹ́ níwájú ọ̀kan nínú wọn. Ọmọkùnrin náà kò ju ogún ọdún lọ, ó sì mọ gbogbo èérún tí ń bẹ nínú ohun tí ó mú lọ́wọ́. Bí ìjọba bá ń wá olùkọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ bá mi júwe abẹ́ agboòrùn yìí fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ jù níbẹ̀ ni tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé bọ̀ wálé ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́tò gba orúkọ náà, fìríìjì gbà á, kọ̀ǹpútà náà ti wá gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe àìsàn ló lé wọn kúrò nílé ọ̀gá wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàwà (Ọkitóbà) ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10, Windows 11 tí ó sì rọ́pò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́ àná wá di àgbà ọ̀ràn lówùúrọ̀. Ọ́fíìsì tí ó bá ní igba irú rẹ̀ yóò tà á ní wọ̀ǹtìwọnti, yóò ra tuntun. Ohun tí òyìnbó jù nù báyìí ni a ń fi gbẹ̀mù-gbẹ̀mù rà ní Ìkẹjà. N kò bínú sí i. Èdè Python kò bèèrè ẹ̀rọ tuntun; ẹ̀rọ ọdún mẹ́wàá ń gbé e, Linux tí a sì lè fi rọ́pò Windows kò gba kọ́bọ̀.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ lé owó gba tuntun. Mo bi í pé, “Àbúrò, kí ló ṣe èyí?” Ó ní, “Kò ṣe nǹkan kan, sà. Ó ti pẹ́ ni.” Mo ní, “Ó ti tó ọdún mélòó?” Ó ní, “Ọdún kan àti oṣù méjì.” Mo bi í ní ohun tí tuntun náà lè ṣe tí ti ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, sà.” Owó tí wọ́n ní kí ó lé e ju owó oṣù mi méjì lọ. Ẹ má rò pé mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ jà. Àwa tí a ra aṣọ ẹbí mẹ́rin lọ́dún, tí a sì wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ẹnu wa kò gbà á. Mo kàn ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó purọ́ fún un. Ohun gbogbo tí wọ́n sọ nípa fóònù náà ló jẹ́ òótọ́. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ní. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé ti tẹ́lẹ̀ náà ń ya àwòrán.

Èyí tí ó tilẹ̀ ká mi lára jù ni ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kan níbẹ̀: kọ́ coding ní ọ̀sẹ̀ méjì, gba ìwé ẹ̀rí, kí o máa gba owó dọ́là. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì lè kọ́ ọmọ: yóò kọ́ ọ bí a ti ń kí olùkọ́. Àwọn ènìyàn ti mú ìmọ̀ bí ọjà tí a ń di sínú páálí. Wọn a ra ẹ̀rọ, wọn a ra àga, wọn a ra iná tí ń tàn ní àwọ̀ méje, wọn a san owó ẹ̀kọ́, nígbà tí ó bá yá wọn a máa wá èdè mìíràn tí àwọn èèyàn ní ó lówó lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Python náà fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó ṣe é, ó sì fi í síta ní 1991 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́. Orúkọ ejò erè ni, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ aláwàdà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Monty Python, ni ó ń rò nígbà tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan náà ti ṣe èdè kan tí a ń pè ní Yorlang, níbi tí ènìyàn ti ń kọ “sọpé” nígbà tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ nǹkan jáde. Ohun kan ṣoṣo tí a kò lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni alẹ́ tí a ó fi jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú èdè náà, True àti False, òótọ́ àti irọ́. Bí mo bá kọ 2 + 2 == 4, ẹ̀rọ yóò dáhùn pé True. Bí mo bá kọ 2 + 2 == 5, yóò ní False; kò ní wo ojú mi, kò ní bi mí pé ọmọ ta ni mí. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìdáhùn yìí ni bool, láti ara orúkọ George Boole. Iṣẹ́ tiwa ni bàbá náà ṣe, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1815. Bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, owó kò sì sí láti rán an lọ sí yunifásítì. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń fi àkókò tí ó bá ṣẹ́kù kọ́ ìṣirò fúnra rẹ̀. Ní 1849 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cork nílẹ̀ Ireland, láìní oyè yunifásítì kankan. Ní 1854 ó tẹ ìwé kan jáde lórí òfin ìrònú, níbi tí ó ti fi hàn pé a lè fi òótọ́ àti irọ́ ṣe ìṣirò bí a ti ń fi owó ṣe é: 1 dúró fún òótọ́, 0 dúró fún irọ́, “àti”, “tàbí” àti “kì í ṣe” sì dúró bí àmì ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà lórí ilẹ̀ ayé nígbà náà. Ní 1864 ó rìn nínú òjò lọ sí kíláàsì, ó kọ́ni pẹ̀lú aṣọ tútù lára, òtútù àyà sì pa á. Ó di 1937 kí Claude Shannon, ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà kan, tó fi hàn pé iná tí a ń tàn tí a sì ń pa lè ṣe ìṣirò Boole láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ olùkọ́ ọmọ oníbàtà yẹn ni ó wà nínú gbogbo páálí tí wọ́n tò sí Otigba.

Ẹ má sì ṣe jáde lọ máa sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Bí mo bá pàṣẹ fún un kí ó kọ “òjò ń rọ̀” sójú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nínú ọyẹ́, yóò kọ ọ́ láìṣẹ́jú. Ohun tí a bá ní kí ó fi wéra nìkan ló lè fi wéra. Ní ọjọ́ kan, mo bi í pé ṣé 0.1 + 0.2 bá 0.3 dọ́gba, ó ní False. Mo ní kí ó sọ iye tí ó rí, ó ní 0.30000000000000004. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ilé nígbà tí mo fi hàn wọ́n. Àlàyé rẹ̀ kò le: ìdá mẹ́wàá ni àwa fi ń kọ nọ́mbà nílé-ìwé, àwọn baba wa fi ogún kà, ẹ̀rọ ń fi èjì kà. Bí a kò ti lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán lọ́nà tiwa, tí yóò máa jẹ́ 0.333 lọ títí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán lọ́nà tirẹ̀. Ó gé e níbi tí ààyè tán sí. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ pátápátá. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gé náírà tí ó ṣẹ́kù kúrò nínú ìṣirò yín mọ ohun tí mo ń wí.

Níbi ìṣirò ní méjì-méjì yìí náà ni àwọn kan ti rí i pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí dojúdé, tí ó sì di 256 odù, iye kan náà tí bit mẹ́jọ inú kọ̀ǹpútà lè fúnni. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti mú un débi pé babaláwo ni ó ṣe kọ̀ǹpútà. N kò bá wọn dé ibẹ̀. Ìtàn Ìkẹjà ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ra ọjà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan tí a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ó gbé ẹ̀rọ tòkunbọ̀ méjì tí ó jọra kalẹ̀, ó ní ₦310,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé bátìrì wọn ń gbé wákàtí márùn-ún. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ṣé mo lè bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ máa bi í.” Àṣẹ kan wà nínú Windows tí kò gba kọ́bọ̀: ẹ ṣí ojú dúdú tí a fi ń kọ àṣẹ, ẹ kọ powercfg /batteryreport, yóò sì kọ ìwé kan jáde tí ó fi agbára tí bátìrì ní nígbà tí ó wà ní tuntun hàn, àti èyí tí ó lè gbé báyìí. Ti àkọ́kọ́ gbé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti ìgbà tuntun rẹ̀, ìyẹn kò burú. Ti èkejì kò gbé tó ìdá mẹ́ta. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nídìí òwò yìí, n kò rí ìwé yìí rí.”

Mo gbà á gbọ́. Kò ṣí ẹ̀rọ kankan wò. Páálí-páálí ni ó ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o wọ̀lú, láìsí àǹfààní àtidá a padà.

Nígbà tí a ṣì ń ná an, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé fíláàṣì kan wá. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ 64GB sí, owó rẹ̀ sì dín sí ìdajì èyí tí mo mọ̀. Mo nílò fíláàṣì lóòótọ́, nítorí máàkì àwọn ọmọ. Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kó máàkì sáà mẹ́ta sínú irú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣí i, orúkọ gbogbo ìwé náà pé síbẹ̀, kò sí nǹkan nínú wọn. Ẹ fojú inú wo olótẹ́ẹ̀lì tí ó ní yàrá mẹ́jọ, tí ó kọ 64 sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo àlejò tí ó bá dé ni yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé dáadáa, yóò sì jù ú sójú títì láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fíláàṣì ayédèrú ń ṣe. Èérún kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń dáhùn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bi í pé ààyè mélòó ló ní. Àwọn kan ti jókòó, wọ́n ti fi èdè ẹ̀rọ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ó máa dáhùn 64. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó mọ èdè ni ó kọ́ ẹ̀rọ náà ní irọ́.

Mo yọ kọ̀ǹpútà tèmi láti inú báágì. Mo ti kọ ìlà àṣẹ bíi méjìlá ní Python sínú rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju èyí lọ: kọ ìwé kìíní tí ó tóbi tó 1GB sínú fíláàṣì, fi nọ́mbà tìrẹ kún un, kọ ìkejì, kọ ìkẹta, títí dé ìkejìlá, lẹ́yìn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì wò bóyá ohun tí o kọ ni o bá. Ó gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin náà fún mi ní àga.

Nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé. Mo bi í pé kí ló dé tí òun kò ní máa yẹ ẹ̀rọ òun wò kí ó tó tà á. Ó ní, “Tíṣà, bí mo bá sọ fún oníbàárà pé bátìrì èyí ti gbó, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Yóò wá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọn yóò sọ fún un pé tiwọn ń gbé wákàtí márùn-ún. Ibẹ̀ ni yóò ti ra ọjà. Òótọ́ mi ló fi lọ sanwó fún irọ́ ẹlòmíràn.” N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí ó sọ yìí, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1970, ó fi ọjà mọ́tò àlòkù ṣàpẹẹrẹ: níbi tí ẹni tí ń tà bá mọ àlébù tí ẹni tí ń rà kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù yóò máa ba olùrà, kò ní san ju iye àárín lọ, ẹni tí ọjà rẹ̀ dára yóò rí i pé iye àárín kò tó òun, yóò kó tirẹ̀ kúrò, èyí tí kò dára ni yóò kù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ kò ka ìwé rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn káńtà ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ ìwé kejìlá tán, mo fa fíláàṣì náà yọ, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé kọ̀ǹpútà a máa rántí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, ó lè dáhùn láti orí ara rẹ̀ dípò kí ó ka fíláàṣì. Ọmọ iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú, àwọn alágbàtà méjì náà ti yọrí wọlé. Ìwé kìíní: True. Ìkejì: True. Ó lọ bẹ́ẹ̀ dé ìkeje. Ìkẹjọ: False. Ìkẹsàn-án: False. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé òpin. Fíláàṣì tí ó kọ 64 sára kò ní ju yàrá mẹ́jọ lọ, kò tilẹ̀ pé mẹ́jọ. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ iṣẹ́ ní, “Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni wọ́n bí léèrè lọ́jọ́ ìdájọ́.”

Mo ra ẹ̀rọ méjèèjì ní ₦245,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì èyí tí ó gbó, ó pààrọ̀ rẹ̀ lójú mi ní ₦18,000, a sì tún ìwé náà tẹ̀ kí n tó sanwó. Fíláàṣì tí mo wá rà ní ìlà kejì gbówó lórí díẹ̀. Mo jókòó tì í kí ilẹ̀ tó ṣú, ó dáhùn True láti ìkíní dé ìkejìlá. Ní ilé, mo jẹ́ kí ó sùn lórí kọ̀ǹpútà títí ó fi kún, nítorí yàrá méjìlá kọ́ ni yàrá 64. Owó tí ó kù àti ìwé rìsíìtì ni mo gbé fún akápò. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ẹ̀rọ náà láti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì kejì àgbà ti ṣàtúnṣe sí àwọn ìlà méjìlá mi, ó sọ wọ́n di mẹ́sàn-án, ó sì dùn ún pé n kò kọ wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkùnrin onísọ́ọ̀bù pè mí. Ó ní kí n jọ̀wọ́ fi àwọn ìlà náà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Mo fi ti ọmọbìnrin náà ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó tún pè, ó ní òun ti dán ogún fíláàṣì inú páálí kan wò lálẹ́ tí òun bá ti pa ìlẹ̀kùn dé, mọ́kànlá ló purọ́. Mo bi í pé kí ló ṣe sí mọ́kànlá náà. Ó ní wọ́n wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, pé òun ṣì ń rò ó, nítorí owó òun ló wà níbẹ̀.